àṣẹ
(ọ̀rọ̀-orúkọ) 1. Ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní agbára lórí nǹkan. 2. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ohun tí a gba ètò kan láàyè láti ṣe.

Àpẹẹrẹ: Ètò náà ní àṣẹ láti ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, kò ní àṣẹ láti kọ tirẹ̀.

Àkíyèsí ìlò: Àṣẹ yàtọ̀ sí ìdánimọ̀. Bí API X (Twitter títí di 2023) bá fi 401 fèsì, orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ àìláṣẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé a kò dá ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn mọ̀; kọ́kọ́rọ́ ìwọlé rẹ̀ kò péye. 403 ni àìláṣẹ gan-an: a mọ̀ ọ́, a kò gbà fún un. Bí a bá sì fi àṣẹ kíkọ kún ti kíkà, a gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ìwọlé tuntun. Àṣẹ àtijọ́ ni ti tẹ́lẹ̀ ń gbé kiri. Olùtumọ̀ tí ó bá pe 401 ní “àìláṣẹ” yóò rán òǹkàwé lọ tọrọ ohun tí ó ti ní lọ́wọ́.

Tún wo: ìdánimọ̀, ìyọ̀ǹda, kọ́kọ́rọ́.