Ìṣáná Olóró: Bí Òfin Ṣe Gba Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì Funfun

Láti nǹkan bí 1830 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ ìṣáná jẹ egungun ẹnu ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ run ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kẹ́míkà tó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun. Bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní ilé iṣẹ́ ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ìtàn ààbò òṣìṣẹ́, nítorí ó fi hàn gbangba pé kí a má lo májèlé rárá sàn ju kí a máa wá ọgbọ́n fi sá fún un.

Àìsàn àwọn oníṣẹ́ ìṣáná

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ìṣáná olórí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun gan-an. Kò wọ́n, ó sì ń ràn níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣá a, ì báà ṣe ara ògiri, ì báà ṣe ìdí bàtà. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń wọ ẹnu àwọn tó ń ki igi bọ kẹ́míkà náà àti àwọn tó ń dì í sínú páálí. Eyín dídùn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, erìgì á wú, ọyún á máa jáde, egungun àgbọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òórùn rẹ̀ burú débi pé ará ilé pàápàá kì í lè jókòó ti aláìsàn. Nígbà púpọ̀, àfi kí oníṣẹ́ abẹ gé egungun náà kúrò.

Ní 1845, Dókítà Lorinser ní ìlú Vienna kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Láàárín àwọn ọdún 1840 yẹn náà, ní Vienna kan náà, onímọ̀ kẹ́míkà Anton Schrötter ṣàwárí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1855, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Lundström láti Jönköping ní Sweden ti gbé ìṣáná tí wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa ṣe wá síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris. Ara páálí rẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ nìkan ni a sì ti lè ṣá a. Àwọn èèyàn ti mọ àìsàn, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọn ì bá fi dá a dúró. Síbẹ̀, ó tó àádọ́ta ọdún sí i kí wọ́n tó fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fòpin sí i.

Ohun tó fa ìdádúró

Owó ni. Ìṣáná olóró ló dínwó, ẹ̀rù sì ń ba olúkúlùkù oníléeṣẹ́ pé bí òun nìkan bá jáwọ́, oníbàárà òun á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Finland fòfin dè é ní 1872, Denmark tẹ̀ lé e ní 1874. Níbòmíràn, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju kí atẹ́gùn wọlé dáadáa, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́, kí dókítà eyín sì máa yẹ ẹnu wọn wò. Májèlé ṣì wà nílẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní oṣù Keje 1888, nǹkan bí 1,400 obìnrin àti ọmọdébìnrin yanṣẹ́lódì ní ilé iṣẹ́ Bryant & May ní Bow, ìlà-oòrùn London. Oṣù tó ṣáájú ni akọ̀ròyìn kan, Annie Besant, ti kọ̀wé síta nípa owó iṣẹ́ wọn tí kò tó nǹkan àti owó ìtanràn tí wọ́n ń yọ nínú rẹ̀. Kí oṣù Keje tó parí, àwọn obìnrin náà ti borí: owó ìtanràn kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì gba ibi ìjẹun tó yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́, kí májèlé má baà máa bá oúnjẹ wọ ikùn wọn. Ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun kò kúrò. Ní 1891, ìjọ Salvation Army dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa ni wọ́n sì ń lò. Ìṣáná wọn wọ́n díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kò sì pé ọdún púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ní 1898, ilé ẹjọ́ ní kí Bryant & May san owó ìtanràn nítorí wọn kò fi àìsàn òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógún tó ìjọba létí.

Àdéhùn Bern

Ọdún 1898 yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Sévène àti Cahen ní Faransé fi àpapọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti sọ́fọ̀ ṣe ìṣáná tó ń ràn níbikíbi tí a bá ṣá a, tí kì í sì í jẹ egungun. Àwíjàre tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1906, orílẹ̀-èdè méje fọwọ́ sí àdéhùn ní Bern, Switzerland, pé àwọn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ìṣáná olóró, kí ó kó o wọlé tàbí kí ó tà á mọ́. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti jọ jáwọ́, kò sí ẹni tí ọjà rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò. Bìrìtìkó ṣòfin tirẹ̀ ní 1908. Ní 1912, Amẹ́ríkà bu owó orí ńlá lé ìṣáná náà títí èrè fi kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, sílẹ̀ ní 1919, ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ rọ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láti wọ inú àdéhùn Bern.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbàgbé

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń kó ohun eléwu jọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1974, ìbúgbàmù pa èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Flixborough, ní England. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Trevor Kletz, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní England, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé kó ohun eléwu jọ rẹpẹtẹ, nítorí ohun tí kò sí nílẹ̀ kò lè jò.

Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Ní oṣù Kejìlá 1984, nǹkan bí ogójì tọ́ọ̀nù kẹ́míkà methyl isocyanate jò lóru ní ilé iṣẹ́ oògùn kòkòrò Union Carbide ní Bhopal, ní Íńdíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn náà lásán ni kẹ́míkà yìí. Wọn ì bá máa lò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n má kó o pamọ́. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó yẹ kó mú táńkì tutù, wọ́n sì ti já òpó tó yẹ kó jó gáàsì náà kúrò. Gbogbo ohun ìdáàbòbò kùnà lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí májèlé pọ̀ nílẹ̀.

ILO ṣe àdéhùn lórí kẹ́míkà níbi iṣẹ́ ní 1990, ó sì ṣe òmíràn lórí ìjàǹbá ńlá ní ilé iṣẹ́ ní 1993. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ààbò ń tẹ̀ lé báyìí ni pé kí a kọ́kọ́ mú ohun eléwu kúrò tàbí kí a fi èyí tó sàn rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a sé e mọ́ ibì kan. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ló kẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa

Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti 1987, fòfin de jíjẹun nínú yàrá tí májèlé wà, ohun kan náà tí àwọn obìnrin Bow jà fún. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn tó ń yọ òjé nínú bátìrì àlòkù ní Èkó àti Ògùn ń fa èéfín òjé símú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Onísọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò lè dá tún un ṣe, nítorí ẹni tí kò náwó sórí ààbò ló máa ta ọjà tó dínwó. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìjọba, àwọn oníṣòwò bátìrì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi òfin kan náà de gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, kí olùyẹ̀wò sì dé sọ́ọ̀bù kékeré bó ṣe ń dé ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tó mú àdéhùn Bern ṣiṣẹ́ nìyẹn, yóò sì ṣiṣẹ́ níbí náà.