Búsà Abẹ́ Omi: Adágún Kaínjì Lójú Arìnrìn-àjò láti Òrè

Kò sí ọmọ agbègbè Odígbó tí kò gbọ́ ìtàn ìjà Òrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà tí wọ́n ti gba Benin dé ìkóríta náà, ibẹ̀ sì ni ìrìn wọn sí ọ̀nà Èkó ti dópin. Títí di òní, bí nǹkan bá le, ìjà Òrè ni àwọn àgbà fi ń ṣe àkàwé rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún ogun yẹn ni àwọn aráàlú kan létí Odò Ọya ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nítorí pé omi ń bọ̀ wá bo ilé wọn. Búsà ni orúkọ ìlú náà. Ogun kọ́ ló lé wọn, dáàmù Kaínjì ni. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn Búsà wọnú ìtàn Yorùbá ju bí a ṣe ń kọ́ ọ nínú kíláàsì lọ, àti pé olùkọ́ tó bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo adágún àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Òrè yóò gba Ondó àti Ifẹ̀ kọjá, yóò dé Òṣogbo àti Ìlọrin, kí ó tó kan Odò Ọya ní Jẹ́bà. Afárá ọkọ̀ ojú irin ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1916. Òpó ìrántí wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tí wọ́n wá ipa odò náà. Ní Mókwà, ọ̀nà yà sí ọwọ́ òsì lọ sí Kaínjì. Adágún tó wà níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 135. Níbi tó ti fẹ̀ jù, ẹni tó dúró létí rẹ̀ kò lè rí òdìkejì. Ó wu ojú í wò, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n omi náà kò tíì dàgbà: ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni wọ́n sé odò, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti kún. Ọ̀gágun Gowon ṣí dáàmù náà ní oṣù kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun ṣì ń jà.

Irú ìlú wo ni omi bò? Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Borgu, ilẹ̀ tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìbàrìbá, Búsà ni a kà sí àgbà láàárín àwọn ìlú ọba. Ibi omi eléwu tó wà nítòsí rẹ̀ ni Mungo Park kú sí ní 1806. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ gba Badagry wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ti ibẹ̀ dé Búsà. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun Faransé gba ìlú náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ni. Díẹ̀ ló kù kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tìtorí rẹ̀ jagun kí àdéhùn oṣù kẹfà ọdún 1898 tó fi í fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1915, àwọn ará Búsà dìde sí ìjọba amúnisìn.

Ilẹ̀ Ìbàrìbá yìí náà ni Aláàfin Onígbogí sá lọ nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Láti ibẹ̀ náà ni Ẹlẹ́dùwẹ̀ ti wá gbèjà Aláàfin Olúewu nígbà tó bá Ìlọrin jà ní nǹkan bí ọdún 1835, tí àwọn ọba méjèèjì sì bá ogun náà lọ. Báwo ni a ṣe lè kọ́ ọmọ ní ìtàn Ọ̀yọ́ kí a má dárúkọ Borgu?

Àwọn tí wọ́n kó kúrò fún adágún náà lé ní 40,000. Ìjọba kọ́ ilé tuntun fún wọn. Ìlú Búsà tuntun wà nítòsí dáàmù títí di òní. Àwọn Gungawa, tí wọ́n ń gbin àlùbọ́sà ní erékùṣù àti etí odò, pàdánù ilẹ̀ ọlọ́ràá wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn sáré wa ilẹ̀ ní agbègbè Yelwa kí omi tó dé, wọ́n rí ère amọ̀ àti irin ìgbà àtijọ́. Ohun tí wọn kò ráyè wà wà nísàlẹ̀ títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ sórí ni megawatt 760. Iná mànàmáná wúlò, orílẹ̀-èdè sì nílò rẹ̀; iye yẹn kọ́ ni gbogbo ìtàn Kaínjì. (Kódà, àwọn mìíràn ṣì ń kọ ọ́ pé Ìpínlẹ̀ Kwárà ni Borgu yìí wà, bẹ́ẹ̀ ó ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger láti 1991.)

Nítorí àìsí ààbò nínú igbó Kaínjì ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, a kò lè gba olùkọ́ níyànjú pé kí ó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Aṣèjìrẹ́ sún mọ́ wa jù, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀ṣun tí iṣẹ́ sì parí ní 1972. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti bírò dání, kí wọ́n wá àwọn àgbà abúlé tó yí adágún náà ká, kí wọ́n bi wọ́n léèrè oko ta ni omi bò, ọ̀nà wo ló parẹ́, àti ẹni tó gba owó gbà-má-bínú. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí omi bo Búsà ti lé ní 70 báyìí. Àwọn tó rí ti Aṣèjìrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i.