Kíbọ́ọ̀dù Àtijọ́ àti Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n

Ní ọjọ́ ìkórè kan, kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsánlú-Ìsin dákẹ́ láàárín orin. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin sáré gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jáde, ó so kíbọ́ọ̀dù kékeré kan tí kò ní ohùn tirẹ̀ mọ́ ọn, orin sì ń bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a ra kíbọ́ọ̀dù tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà ti tó. Èmi wá lọ wo ìtàn àwọn méjèèjì.

Ní 1967, John Chowning ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n kan tí a lè fi ìṣirò dá ohùn orin. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti Japan gba àṣẹ láti lò ó, wọ́n sì gbé kíbọ́ọ̀dù DX7 jáde ní 1983. Ó ní ojú ìtẹ̀ 61, ó sì lè gbé ohùn 16 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èròjà inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju orin lọ: bí a bá ti tàn án, ó ti ṣetán.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà lágbára tó láti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Steinberg ní Jámánì gbé VST jáde, ìyẹn ìlànà tí a fi ń ki plug-in bọ inú ètò ìgbohùnsílẹ̀. Ní 1999, wọ́n tún un ṣe kí ohun èlò orin fúnra rẹ̀ lè jẹ́ plug-in. Lónìí, a lè rí ohùn DX7 nínú kọ̀ǹpútà láìgbé DX7 rù.

Èwo ló dára jù? Kíbọ́ọ̀dù kì í pín ọkàn sí iṣẹ́ méjì, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lójú agbo. Ṣùgbọ́n bí èròjà inú rẹ̀ bá jó, tí wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó di ẹrù. Plug-in kò wúwo, a sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, plug-in àtijọ́ lè kọ̀ láti ṣí.

Nígbà tí mo tẹ ohùn gángan nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n, ó dún, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Bàbá onílù wa a máa fún gángan mọ́ abíyá títí yóò fi pe orúkọ ènìyàn. Ọgbọ́n yẹn kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀rọ wa.

Ní Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ń tọ́jú àwọn ère òkúta. Òkúta wà, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orin àwọn tó gbẹ́ wọn. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn gba ìlù bàbá sílẹ̀ nígbà tí apá bàbá ṣì le. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti kíbọ́ọ̀dù, àwọn àgbà ti gbé e lọ fún àtúnṣe.