Ọtí tí òfin lé wọ igbó: láti etídò Ìlàjẹ dé Ojú-Ore

Ẹni tó bá gba oríta Ojú-Ore nílùú Ọ̀tà wọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yóò kan ilé iṣẹ́ Intercontinental Distillers, níbi tí wọ́n ti ń ṣe jíìnì àti sìnáàpù. Tó bá wá forí lé Ṣàngó, ibẹ̀ ni Nigeria Distilleries fìdí múlẹ̀ sí, àwọn tó mú kí Seaman's Schnapps di ọtí tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbi ìdána. Láàárín méjèèjì, ní ibùdókọ̀, ìyá tó ń ta páraga ti to ìgò sórí àpótí: ewé, egbò àti èèpo igi nínú ògógóró, fún awakọ̀ tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú, tàbí tó kàn fẹ́ kí ara òun yá gágá. Ọtí líle ni gbogbo wọn ń tà. Ìwé àṣẹ ló pín wọn níyà, ìtàn ìwé àṣẹ yẹn sì gùn.

Lókè òkun, irú ọtí abẹ́lé bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi rántí ayé àtijọ́. Láàárín 1972 sí 1981, tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà ń ṣe eré ìdílé kan tó ń jẹ́ The Waltons. Earl Hamner ló gbé e kalẹ̀, látinú ìgbà èwe tirẹ̀ lábúlé Schuyler ní ìpínlẹ̀ Virginia, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929. Ìyá àgbà méjì wà nínú eré náà, Mamie àti Emily Baldwin, ọmọ adájọ́, tí wọ́n ń pọn ọtí nínú ilé ńlá tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Lójú tiwọn, ogún Bàbá ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò lọ láìtọ́ ọ wò. Olivia, ìyàwó ilé Walton, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò fẹ́ rí i sójú rárá. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé Baldwin dáadáa. Ẹ̀rín ni òǹwòran ń rín. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n ju irú ìyá bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n?

Ní Nàìjíríà, láwọn ọdún kan náà tí eré yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ẹ̀wọ̀n gan-an ló ń dúró de ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé ìjọba kórìíra ọtí. Kó tó di ogun 1914, jíìnì pọ́ọ́kú láti Hamburg àti Rotterdam ló ń kún inú ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, àwọn ọdún kan sì wà tí owó ibodè orí ọtí ju ìdajì gbogbo owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson pariwo títí pé ọtí yìí ń ba ènìyàn jẹ́. Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909, ìgbìmọ̀ náà dá ọtí láre. Ó dà bíi pé ẹni tó ń jẹ nínú ẹjọ́ ló gbọ́ ẹjọ́.

Ìyípadà dé ní 10 September 1919, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè aláṣẹ fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye, nítòsí Paris, pé wọn kò ní kó ọtí líle pọ́ọ́kú wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Èyí tó ṣì lè wọlé ni ojúlówó, owó ibodè rẹ̀ sì ń lọ sókè. Ọwọ́ tálákà kò tó o mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1929 dé, owó epo pupa àti èkùrọ́ já wálẹ̀ bí òkúta. Àgbẹ̀ kò rówó ra jíìnì. Ẹmu sì ń kún akèrègbè lójoojúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti ń rí ẹ̀rí pé àwọn ará etídò ti ń dá ọtí líle pọn fúnra wọn: Urhobo àti Ìjọ̀ lápá Sàpẹ́lẹ́, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ lápá Òkìtìpupa.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Ògùrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí pé inú àbàtà ló ń hù. Wọ́n á fi ẹmu náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, títí adùn rẹ̀ yóò fi tán pátá. Wọ́n á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù irin, wọ́n á dí i lẹ́nu pinpin, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Ọtí ń hó ṣáájú omi, nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 78, nígbà tí omi ṣì ń retí 100. Nítorí náà oru ọtí ló kọ́kọ́ ń wá ọ̀nà jáde. Páìpù ni yóò gbà. Páìpù yẹn á la inú omi tútù kọjá, nígbà mìíràn nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ògbólógbòó tí wọ́n bu omi kún. Oru á di omi, á máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Èyí tó kọ́kọ́ kán ló le jù. Wọ́n á ta á síná bóyá yóò gbiná, tàbí kí wọ́n mi ìgò, kí wọ́n wo bí ìfófòó orí rẹ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó pòórá. Ohun èlò àwọn ọmọ Baldwin kò ju èyí lọ.

Ọlọ́pàá ń wọ igbó, wọ́n ń fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń kó olóhun lọ sí kóòtù. Ìlera aráàlú ni ìjọba ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgò ògógóró tí wọ́n bá mu, owó ibodè ìgò jíìnì kan ló sọ nù. Ní Dahomey, tó di Benin lónìí, bákan náà ló rí. Àwọn ará ilé Sodabi, tí wọ́n lọ jà fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ́ iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe é nígbà tí wọ́n padà sílé. Faransé bá wọn ṣẹjọ́. Orúkọ ìdílé wọn di orúkọ ọtí náà ní Benin àti Togo. Ẹni tó bá tọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Ojú-Ore kọjá bodè yóò bá sodabi lórí igbá.

Sìnáàpù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín jù. Jíìnì tí gbogbo ayé ń mu lásán tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀wọ́n lẹ́yìn 1919, nítorí náà àwọn tó ní owó ló ń rà á, wọ́n sì ń fi í pamọ́ fún ohun pàtàkì: ìdána, ìsìnkú, ìtúbá níwájú ọba. Díẹ̀díẹ̀, ìgò aláwọ̀ ewé láti Schiedam di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn àgbà ń fi wúre, bí ẹni pé àtayébáyé ló ti wà. Owó ibodè ló bí àṣà. Ọ̀tà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kan náà tí ìjọ Living Faith kọ́ Canaanland sí, tí wọ́n ya tẹ́ńpìlì rẹ̀ sí mímọ́ ní 1999. Olivia Walton ì bá mọ ibi tí òun yóò yà sí.

Òmìnira kò tú ògógóró sílẹ̀ ní Nàìjíríà bó ṣe tú akpeteshie, ọtí abẹ́lé tiwọn, sílẹ̀ ní Ghana. Inú igbó ló ṣì wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn aláìbìkítà ti rí àyè po kẹ́míkà mọ́ ọn. Ní April 2015, àìsàn kan tí kò lórúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó: ojú wọn á kọ́kọ́ fọ́, kó tó di pé wọ́n kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ọtí ni. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni ìjọba àpapọ̀ bá tún fòfin de ògógóró lódindi. Síbẹ̀, kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn oníṣòwò kan l'Ékòó fi ògógóró sínú ìgò tó rẹwà, tí wọ́n pè é ní Pedro's, fún àwọn olówó.

Ó wá kan àwọn oníwèé àṣẹ. Ní 2018, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti àwọn ilé iṣẹ́ ọtí fẹnu kò pé ọtí inú ọ̀rá kéékèèké, èyí tó kún gbogbo ibùdókọ̀, yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí January 2024. Nígbà tí ọjọ́ pé tí NAFDAC fẹ́ fi agbára mú un, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí ya bo ọ́fíìsì àjọ náà l'Ékòó pẹ̀lú pátákó, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, àti pé aráàlú yóò kàn padà sídìí ọtí tí kò ní ìwé àṣẹ ni. Ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó sún ọjọ́ náà síwájú.