Sọ́fítíwíà Àwòrán Lórí Ètò Ìṣiṣẹ́ Àjèjì

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò ìṣiṣẹ́ tó ń darí rẹ̀. Windows, macOS àti Linux ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ló máa ń yan èyí tí wọn yóò bá ṣe nínú wọn. CorelDRAW kò ní ẹ̀dà ti Linux lónìí, Photoshop àti Affinity náà kò ní. Revit tí àwọn ayàwòrán-ilé ń lò kò sì ní ti macOS. Síbẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí irú sọ́fítíwíà báwọ̀nyí yóò fi ṣiṣẹ́ níbi tí a kò ṣe wọ́n fún. Àwọn ọ̀nà kan dára débi pé ilé-iṣẹ́ sinimá ńláńlá gbà wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn máa ń dojú ti ènìyàn lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ti jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní, Microsoft kò sì fọwọ́ sí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ. Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé fi ṣe ibùjókòó, CorelDRAW ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, bánà òkú àgbà àti kàlẹ́ńdà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gba Windows 11 lè fi Linux sí i láìná kọ́bọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni CorelDRAW fúnra rẹ̀, àti gbogbo fáìlì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ.

Ìdí tí sọ́fítíwíà fi ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbòmíràn ni pé kì í dá nǹkan ṣe. Bí ènìyàn bá ní kí Photoshop ṣí fọ́tò kan, Photoshop kọ́ ló ń lọ ka dísìkì. Windows ló máa ń bẹ̀ níṣẹ́, nípasẹ̀ ìpè kan tó ń jẹ́ CreateFile. Òun náà ló máa ń bẹ̀ kó ya fèrèsé, kó wá fọ́ńtì, kó sọ ibi tí máòsì wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìpè báyìí ló wà nínú Windows. Linux lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ìpè tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà sì yàtọ̀. Kódà fáìlì .exe gan-an, Linux kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u wò.

Ibẹ̀ ni Wine ti wọlé, bí ògbufọ̀ láàárín àwọn méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Bob Amstadt àti Eric Youngdale ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993, kí sọ́fítíwíà Windows 3.1 lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alexandre Julliard gba àkóso rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà títí di òní. Kò sí Windows kankan nínú Wine. Bí sọ́fítíwíà bá pe CreateFile, Wine á gba ìpè náà, á sọ ọ́ di èyí tí Linux gbọ́, á sì dá èsì padà bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń retí rẹ̀. Ó máa ń dá fódà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ .wine, fódà mìíràn, drive_c, wà nínú rẹ̀, èyí tí CorelDRAW yóò rí gẹ́gẹ́ bí dísìkì C:. Program Files wà níbẹ̀, fódà windows náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fódà Fonts nínú rẹ̀. CorelDRAW kò ní mọ̀ pé ilé onílé ni òun wà.

Ó gba ọdún 15 kí Wine tó jáde ní ẹ̀dà 1.0, ní oṣù Kẹfà ọdún 2008. Kò yani lẹ́nu. Microsoft kò fi kóòdù Windows sí gbangba, àwọn tó ń kọ Wine kì í sì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fojú kan kóòdù náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Ìta ni wọ́n ti ń wo ohun tí Windows ń ṣe, kí wọ́n tó kọ tiwọn. Àṣìṣe tó wà nínú Windows pàápàá, wọ́n ní láti ṣe é bó ṣe rí, torí sọ́fítíwíà kan níbì kan ti gbára lé àṣìṣe náà.

Ọ̀pọ̀ tó ń lo CorelDRAW lónìí kò mọ̀ pé ó ti ní ẹ̀dà ti Linux rí. Corel, ilé-iṣẹ́ Ottawa ní Kánádà tó gbé CorelDRAW àkọ́kọ́ jáde ní 1989, pinnu ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá pé òun yóò gba ẹ̀gbẹ́ Linux bá Microsoft du ọjà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, ó gbé ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀ jáde, Corel Linux, tó kọ́ sórí Debian, irú Linux kan. Lọ́dún 2000, CorelDRAW 9 àti Photo-Paint 9 tẹ̀ lé e. Wọn kò tún sọ́fítíwíà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀: orí Wine ni wọ́n gbé e kà. Níbi tí Wine kò bá ti gbọ́ ohun tí CorelDRAW ń sọ, àwọn òṣìṣẹ́ Corel á tún Wine ṣe, wọ́n á sì dá àtúnṣe náà padà kí gbogbo ayé lè lò ó.

Owó ló já wọn kulẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Michael Cowpland tó dá Corel sílẹ̀ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Microsoft gan-an tí wọ́n fẹ́ bá du ọjà fi mílíọ̀nù 135 dọ́là ra ìpín nínú Corel. Nígbà tó di 2001, ẹ̀ka Linux ti di ti ẹlòmíràn, lábẹ́ orúkọ Xandros, CorelDRAW kò sì padà sí Linux mọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ìtàn tó fi hàn gbangba bí èyí pé ohun tó ń mú irinṣẹ́ ayàwòrán kúrò lórí ètò ìṣiṣẹ́ kan kì í sábà jẹ́ àìmọ̀-ọ́n-ṣe. Wọ́n ti ṣe é, ó ti wà nínú páálí, wọ́n ti tà á. Ìṣirò owó ló mú un kúrò lórí àtẹ.

Photoshop pàápàá kì í ṣe ọmọ Windows. Thomas àti John Knoll, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló kọ ọ́, Adobe sì gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde fún Macintosh nìkan ní oṣù Kejì ọdún 1990. Ẹ̀yìn náà ni ti Windows dé. Ẹ̀dà 3 rẹ̀ tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí IRIX àti Solaris, àwọn ètò ìṣiṣẹ́ Unix tó wà nínú ẹ̀rọ olówó ńlá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kúrò, tí wọ́n ń fi Linux rọ́pò wọn, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ló lè bá wọn lọ, àmọ́ Photoshop kò lè bá wọn lọ. Maya, sọ́fítíwíà àwòrán alápá-mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ lórí IRIX ní 1998, ní ẹ̀dà ti Linux; Photoshop kò ní. Ní 2003, Disney àti ilé-iṣẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ méjì mìíràn dáwó fún CodeWeavers, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ nídìí Wine, kí ó mú Photoshop 7 ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ó sì ṣiṣẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Google náà sanwó fún CodeWeavers kí Photoshop CS2 lè máa lọ geerege.

Lẹ́yìn 2013, tí Adobe fi owó oṣooṣù rọ́pò rírà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà náà tún há. Creative Cloud, ètò tó máa ń gbé Photoshop sórí kọ̀ǹpútà tó sì ń yẹ ìwé àṣẹ wò, ló wá di ẹnu ọ̀nà tí Wine kì í sábà rí gbà kọjá, kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀ Photoshop fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Affinity sún mọ́ ìgbà wa. Serif, ilé-iṣẹ́ kan ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé sọ́fítíwíà àwòrán Affinity Designer jáde fún Mac ní 2014, ó sì ṣe ti Windows ní 2016. Ilé-iṣẹ́ Canva ra Serif ní 2024, ó sì sọ Affinity di ọ̀fẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń lo Linux ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà tiwọn. Nígbà tí kò dé, àwọn kan nínú wọn fọwọ́ ara wọn tún Wine ṣe nítorí Affinity nìkan: wọ́n fi .NET ti Microsoft, tí Affinity gbára lé, sí i, wọ́n da fódà WinMetadata kọ láti inú Windows gidi, wọ́n sì tún àwọn ìpè tí Wine kò tíì mọ̀ kọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò gba owó ọ̀yà nìyẹn, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n.

Ọ̀nà kejì kò ní ògbufọ̀ nínú. Ènìyàn á gbé Windows odindi sínú Linux tàbí Mac, nínú kọ̀ǹpútà àfarawé tí VirtualBox, VMware tàbí Parallels máa ń dá sílẹ̀. Sọ́fítíwíà kì í sábà mọ ìyàtọ̀, torí Windows gidi ló bá níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ètò ìṣiṣẹ́ méjì ló ń jẹ nínú àwo kan. Windows 11 nìkan ń béèrè 4 GB mẹ́mórì, ó kéré tán, àti 64 GB lórí dísìkì. Lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 8 GB, ohun tó kù fún bánà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún kì í tó nǹkan.

Lórí Mac, ọ̀nà gbígbé Windows odindi wọlé ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2006, tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ Intel sínú Mac, ó gbé Boot Camp jáde, tí ènìyàn fi lè tan Mac rẹ̀ sí Windows tààrà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí AutoCAD ti kúrò lórí Mac láti àárín àwọn ọdún 1990, kò sì padà títí di 2010. Àmọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Apple gbé M1, ọpọlọ tirẹ̀, jáde, Boot Camp kò sì ṣiṣẹ́ lórí Mac tó ní in. Parallels ṣì wà, ṣùgbọ́n lórí irú Mac bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà Windows tí a ṣe fún ọpọlọ ARM bíi M1 ló ń gbé. CorelDRAW ní tirẹ̀ padà sórí Mac ní 2019, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti kúrò níbẹ̀.

Àṣìṣe tó ń jáde nínú gbogbo rẹ̀ kì í sábà jẹ́ pé sọ́fítíwíà kò ṣí. Ibi kéékèèké ló ti ń dun ni. Pẹ́ẹ̀nì àwòrán Wacom lè máa ya ìlà tí kò mọ ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ gidi. Àwọ̀ pupa ojú kọ̀ǹpútà lè yàtọ̀ sí ti orí Windows, bí ìwé àpèjúwe àwọ̀ tó bá ojú kọ̀ǹpútà náà mu kò bá sí níbẹ̀.

Fọ́ńtì ló ń yọ ẹni tó bá ń kọ Yorùbá lẹ́nu jù. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Kọ̀ǹpútà ní láti mú ẹ, kó wá gbé àmì ohùn lé e, fọ́ńtì ló sì ń sọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Bí fọ́ńtì tí wọ́n fi ṣe káàdì lórí Windows kò bá sí nínú Wine, Wine á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àmì orí ọ̀ lè yẹ̀ bọ́ sórí lẹ́tà kejì, orúkọ ìyàwó tó gba ìlà kan tẹ́lẹ̀ lè já sí ìlà kejì, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan jáde ni ìyá ìyàwó yóò rí i. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí wọ́n da fọ́ńtì náà kọ sínú drive_c/windows/Fonts, tàbí, kí fáìlì tó kúrò lórí Windows, kí wọ́n fi Ctrl+Q sọ gbogbo lẹ́tà inú CorelDRAW di ìlà àwòrán. Ẹ̀yìn ìyẹn, fọ́ńtì kò lè yí wọn padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣeé tún kọ bí ọ̀rọ̀ mọ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ̀dà kejì fáìlì náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é sí.

Ní ti òfin, ó dà bí ẹni pé Wine kò tẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ l'Amẹ́ríkà dá Google láre lórí Oracle, tó ni Java, nínú ẹjọ́ àwọn orúkọ ìpè Java tí Google lò nínú Android, bí Wine náà ṣe ń lo orúkọ ìpè Windows. Adájọ́ mẹ́fà gbà, méjì kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé CorelDRAW sínú Wine ṣì jẹ Corel lówó ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì gbé Windows sínú VirtualBox ṣì jẹ Microsoft.

Àwọn kan ti fo ògiri tó wà láàárín àwọn ètò ìṣiṣẹ́ pátápátá. Figma, irinṣẹ́ àwòrán tó ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2016, kò bìkítà bóyá Windows tàbí Linux ló wà lábẹ́ rẹ̀, torí inú bíráúsà ló ń gbé. Photopea máa ń ṣí fáìlì PSD ti Photoshop nínú bíráúsà bẹ́ẹ̀, fáìlì náà kì í sì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lò ó, èyí tó ń dín dátà kù. Inkscape, irinṣẹ́ àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, wà fún ètò ìṣiṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun náà ti jìyà àjèjì rí: títí tí ẹ̀dà 1.0 fi jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, orí X11, ètò fèrèsé ti Unix, ló ń gùn kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí Mac.

Àwọn olùyọ̀ǹda kan tún ti kọ libcdr, èyí tó máa ń ka CDR, fáìlì CorelDRAW, láìsí CorelDRAW nítòsí. LibreOffice Draw ń lò ó láti 2012, Inkscape náà ń lò ó. Ìlà àti àwọ̀ máa ń wọlé dáadáa. Òjìji, àwọ̀ tó ń hàn gba inú ara wọn àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ yípo kì í sábà dé pé. Fún ilé ìtẹ̀wé tó ní fáìlì ọdún mẹ́wàá nílẹ̀, ohun tó bójú mu jù ni kí CorelDRAW àtijọ́ wà nínú Wine tàbí kọ̀ǹpútà àfarawé kan fún kìkì ṣíṣí wọn, kí wọ́n máa kó wọn jáde sí PDF tàbí SVG bí oníbàárà bá ṣe ń béèrè wọn, kí iṣẹ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ nínú irinṣẹ́ tí Linux gbà tọwọ́tẹsẹ̀.