BÍ A KÒ BÁ RÍ ÀDÁN: ÌTÀN FÍÌMÙ ŃLÁ DÚDÚ-ÀTI-FUNFUN NÍ ÌLÚ ÌBÍNÍ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi òòbẹ̀ dípò àdán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí àdán wà fún nínú ẹbọ náà. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú Ìbíní ni n ó fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Òpópónà Airport Road ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí ó gba ẹ̀bá ààfin Ọba lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti ń ya fọ́tò. Wọ́n ní kámẹ́rà onígi kan tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ń lo fíìmù pẹlẹbẹ oníwọ̀n ìnṣì 4 sí 5. Nígbà tí irú fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù tán, tí àwọn tí ń ṣe é ní òkè òkun kò sì ṣe é mọ́, wọ́n rán mi lọ sí Èkó kí n wá òmíràn. Mo rí ọ̀kan tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kámẹ́rà mu, inú mi sì dùn. Bàbá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, èmi ni mo wọ yàrá òkùnkùn. Mo tan iná pupa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Nígbà tí n ó fi fọ fíìmù náà tán, ó ti dúdú bí kóró iṣin. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, o wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, o kò wo ojú rẹ̀.”

Kí a tó lè lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìbíní. Bí wọ́n ti ń gbé Ọba Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn ní Calabar, J. A. Green, ayàwòrán ọmọ Bonny, ya fọ́tò rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Fọ́tò ọba tí a mú lẹ́rú ni ayé ń wò. Ọmọ Ìbíní tí ó wá fi irú fọ́tò mìíràn hàn wá ni Solomon Osagie Alonge, tí a bí ní ọdún 1911. Ó kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ó padà sílé, ó sì dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní Ìbíní ní ọdún 1942. Òun ni ayàwòrán ààfin ní ayé Ọba Akenzua Kejì, tí ó jọba láti 1933 di 1978, àti ní ayé Ọba Erediauwa tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ya ọba, olorì, ìjòyè àti àwọn ará ìlú tí wọ́n wọ aṣọ iyì wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwo dígí wà lára ohun tí Alonge lò, fíìmù pẹlẹbẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, pàṣípààrọ̀ kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Dígí wúwo, ó sì ń fọ́, fíìmù fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a lè tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù lé orí pépà tààrà, kí fọ́tò sì jáde ní ìwọ̀n kan náà, láìsí pé a ń fẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, fíìmù ní ojú. Àwọn àwo àtijọ́ kò rí àwọ̀ pupa rárá. Ní ọdún 1873 ni Hermann Vogel, ará Jámánì, rí i pé bí a bá pa wọ́n láró, wọn yóò rí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di 1906, wọ́n ti ń ta àwo tí ó rí gbogbo àwọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí kò rí pupa ni a lè fọ̀ lábẹ́ iná pupa. Èyí tí ó rí gbogbo àwọ̀, inú òkùnkùn biribiri ni ti rẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ní Ìbíní, ọ̀rọ̀ náà ju ti iná lọ. Iyùn ni ọlá ààfin: adé iyùn, ẹ̀wù iyùn, iyùn ọrùn àti ti ọwọ́. Pupa sì ni iyùn. Bí fíìmù tí kò rí pupa bá yà á, yóò dúdú, ojú ènìyàn dúdú náà yóò sì ṣókùnkùn sí i. Bí èyí tí ó rí gbogbo àwọ̀ bá yà á, iyùn yóò mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọba kan náà, fọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀wọ́n fíìmù ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1982 ìjọba Shagari dín ọjà òkè òkun kù. Ní 1986 náírà já wálẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère sì gba àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà, wàhálà bá àwọn tí ń ṣe é. AgfaPhoto wó ní 2005. Ní 2012 Kodak kó sí gbèsè, Fotokemika ní Croatia sì dáwọ́ dúró. Fuji dá Acros pẹlẹbẹ dúró ní 2018. Síbẹ̀, Ilford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe FP4 Plus àti HP5 Plus tí ó rí gbogbo àwọ̀, àti Ortho Plus tí kò rí pupa. Foma ní ilẹ̀ Czech ń ṣe Fomapan.

Ortho Plus ni a mú nígbẹ̀yìn. Bàbá fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sí ọrùn mi, wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń ti ìdérí fíìmù wọlé díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè yàtọ̀ láti apá kan sí èkejì. Láti ara fíìmù kan ṣoṣo yẹn ni a ti mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó tọ́. Kò jọ ti àtijọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n iyùn inú rẹ̀ dúdú bíi ti fọ́tò àwọn ìyá àgbà, a sì lè gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri kan náà.

Alonge kú ní ọdún 1994. Ní 2009 àwọn nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ di ti ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington. Wọ́n pàtẹ wọn níbẹ̀ ní 2014, wọ́n sì gbé ìpàtẹ náà wá sí ilé ọnà ìjọba ní Ìbíní ní 2017. Èyí dára, ṣùgbọ́n ti àwọn ayàwòrán kéékèèké yòókù ńkọ́? Nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ wà, tí òjò àti ikán ń jẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn lọ́la, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà léèrè páálí náà, kí a gbé e kúrò nílẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú fọ́tò sílẹ̀ nígbà tí a ṣì rí ẹni tí yóò sọ ọ́. Bí fíìmù bá tán, a ó rí òòbẹ̀ fi dípò rẹ̀. Kí ni a ó fi dípò ojú tí ikán ti jẹ?