Téèpù Manfred Krug
Òṣèré Jámánì kan ló wù mí láti sọ fún yín. Gbajúmọ̀ ni Manfred Krug ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Ó ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin rí. Ní November 1976, akọrin Wolf Biermann lọ ṣeré ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ò jẹ́ kó padà wálé mọ́. Krug bá wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Lóṣù yẹn náà, ìjòyè ẹgbẹ́ òṣèlú kan, Werner Lamberz, wá bá òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀, kò mọ̀ pé téèpù ń yí. Ìjọba tó ń fi Stasi ṣọ́ gbogbo ayé, òṣèré ló ń ká ohùn wọn sílẹ̀! Èmi gbádùn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1977 ó kó tìyàwó tọmọ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di ọlọ́pàá Stoever nínú Tatort lórí tẹlifíṣọ̀n, 1984 sí 2001. Ọ̀rọ̀ inú téèpù yẹn jáde níwèé ní 1996.